Orúkọ Lára Wáyà: Bí Bàálù Ṣe Di Ohun Tí A Ń Kà

Nínú bàálù kékeré àtijọ́, wáyà kan wà tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo wáyà yòókù. Bí wáyà gílóòbù bá já, iná yóò kú. Bí ti rédíò bá já, rédíò yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wáyà tí ó so súìsì mọ́ mágínẹ́ẹ̀tò bá já, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ńṣe ni yóò di ohun tí súìsì kò lè pa mọ́. Òòfà tí ń yí ni mágínẹ́ẹ̀tò fi ń ṣe iná tirẹ̀ fún pulọ́ọ̀gì, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ bátìrì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí súìsì ń ṣe fún un ni pé kí ó darí iná náà sí ara irin bàálù, kí ó sọnù síbẹ̀. Bí ọ̀nà ìsọnù yẹn bá ti já, mágínẹ́ẹ̀tò wà láàyè nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá lọ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú nínú ìgbàgbọ́ pé súìsì wà ní pípa lè bá a pàdé: ẹ́ńjìnnì á jí lójijì, abẹ̀bẹ̀ á sì gé e lápá.

Ẹ́ńjìnnì bàálù sábà máa ń ní mágínẹ́ẹ̀tò méjì, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún, kí èkejì lè gba iṣẹ́ ṣe bí ọ̀kan bá kọṣẹ́. Kí awakọ̀ tó gbéra, yóò pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ bí èyí tí ó kù ṣe ń dún. Bí ẹni tí ó ríwáyà bàálù náà bá ti fi wáyà òsì sí ojú ọ̀tún, àyẹ̀wò yìí yóò máa purọ́ fún awakọ̀ lójoojúmọ́. Yóò gbọ́ pé èyí tí ó wà lápá ọ̀tún ń kọṣẹ́, mẹkáníìkì yóò tú u palẹ̀, yóò tún un tò, àìsàn náà kò sì ní kúrò, nítorí ọ̀dọ̀ èkejì ni ó wà. Lẹ́tà kan péré tí a kọ sí etí wáyà méjèèjì ì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kíkọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí wáyà tí ó pọ̀ tó láti dá ènìyàn rú. Bàálù tí Wilbur àti Orville Wright fi fò ní Kitty Hawk ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903 ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 12. Wọ́n fi bátìrì mú un jí, wọ́n sì gbé bátìrì náà sílẹ̀ kí bàálù tó lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1927, Charles Lindbergh fò láti New York dé Paris nínú Spirit of St. Louis láìgbé rédíò kankan dání, torí pé epo ni ó fẹ́ fi ìwọ̀n yẹn rù. Kódà láàárín 1938 sí 1947, ilé iṣẹ́ Piper ní Lock Haven, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣe Cub J-3 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000, tí púpọ̀ jùlọ nínú wọn kò ní bátìrì, kò ní sìtátà, kò sì ní iná kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Cub lè gbé gbogbo wáyà inú rẹ̀ sórí.

Òru ló kó wáyà wọnú bàálù. Ní oṣù Keje 1924, àwọn tí ń gbé lẹ́tà ìjọba Amẹ́ríkà láti etíkun kan dé èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í fò tọ̀sán-tòru, iná orí òpó ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé lójú ọ̀nà. Bàálù tí ó bá máa fò lóru gbọ́dọ̀ ní iná etí apá, iná ìdí, iná tí yóò fi rí ilẹ̀, àti iná kékeré tí awakọ̀ yóò fi rí ojú aago níwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì. Lẹ́yìn náà ni rédíò dé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1929, Jimmy Doolittle gbéra, ó yípo, ó sì balẹ̀ ní Mitchel Field ní New York nígbà tí aṣọ bo yàrá rẹ̀ débi pé kò rí ìta rárá. Aago àti rédíò nìkan ni ó fi ríran. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí ń ta bàálù fún oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago àti rédíò kún un, gbogbo aago sì ní ìrù wáyà tirẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ogun Àgbáyé Kejì wá sọ ìdàrúdàpọ̀ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní Willow Run, ilé iṣẹ́ tí Ford kọ́ ní Michigan, nígbà tí iṣẹ́ gbóná jùlọ ní 1944, nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n fi ń parí bàálù B-24 kan. Irú ìyára bẹ́ẹ̀ kò gba kí oníṣẹ́ iná kan wọ inú ikùn bàálù lọ máa fa wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí pátákó gbọọrọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ya ọ̀nà wáyà sí ojú pátákó, wọ́n kan ìṣó sí gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa fa wáyà láti ìṣó dé ìṣó títí yóò fi di ìdì. Wọ́n á fi okùn tí a fi ìda pa dì í ní ìdì kéékèèké, wọ́n á kó o kúrò lórí pátákó, wọ́n á sì gbé odidi rẹ̀ wọnú bàálù. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń di ìdì wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ iṣẹ́ iná kí ogun tó dé. Wọn kò nílò láti mọ ohun tí wáyà náà yóò ṣe. Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ti sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí.

Ìyẹn gan-an ni agbára àmì. Ó gba ìmọ̀ kúrò nínú orí ẹnì kan, ó sì fi í sí ara wáyà, kí ọmọ ogun tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ní erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, lè tún bàálù tí kò rí rí ṣe. Àwọn ológun orí ilẹ̀ àti ti orí omi Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlànà wọn pọ̀ nítorí náà. Lẹ́yìn ogun, ọ̀rọ̀ wáyà di ìwé tí a mọ̀ sí MIL-W-5088. Àrọ́pò rẹ̀ lónìí ni AS50881, tí ẹgbẹ́ SAE ń tọ́jú.

Ó yẹ kí a tú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà yóò rò pé ọmọdé ló ń fi lẹ́tà ṣeré. Ká ní a kọ L12B20N sí ara wáyà kan. L ń sọ pé iṣẹ́ iná tí ń mọ́lẹ̀ ni wáyà náà ń ṣe. 12 ni nọ́ńbà tirẹ̀ láàárín àwọn wáyà iná. B ń sọ pé ègé kejì ni: wáyà náà ti gba ojú ìsopọ̀ kan kọjá, ègé tí ó ṣáájú ibẹ̀ ni A. 20 ni bí ó ṣe nípọn tó. N tí ó gbẹ̀yìn ń sọ pé ara irin bàálù ni ó parí sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná tiwa ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń ka ègé, wọn kì í lo I àti O, kí ẹni tí ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù má baà kà wọ́n sí 1 àti 0. Ẹni tí ó ṣe òfin yẹn ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rí, ó dájú.

Nọ́ńbà ìnípọn náà ní ìtàn tirẹ̀, ó sì máa ń ṣi àwọn tuntun lọ́nà, nítorí bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń tín-ínrín sí i. Ilé iṣẹ́ Brown & Sharpe ní Providence, Rhode Island, ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ ní 1857, tipẹ́tipẹ́ kí bàálù Wright tó fò. 22 tó fún gílóòbù kékeré kan. Sìtátà tí ń fa iná bí ẹni mu omi lẹ́yìn ààwẹ̀ ń fẹ́ 4 tàbí 2.

Tí a bá sì wo àtẹ lẹ́tà iṣẹ́ náà láti òkè, a ó rí àwọn tí wọ́n ṣe é fún. A dúró fún ohun ìjà. B dúró fún kámẹ́rà. C ni ti àwọn ohun tí ń yí bàálù, E ni ti aago ẹ́ńjìnnì, F ni ti aago ìfò, G ni ti ẹsẹ̀ tí ó fi ń balẹ̀, J ni ti iná pulọ́ọ̀gì, P ni ti agbára bátìrì àti jẹnẹrétọ̀, R ni ti rédíò, W sì ni ti ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ní bàálù kékeré tí ó fi ń lọ jẹun ọ̀sán ní ìlú kejì, tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé àtẹ yìí, yóò ní láti fo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ torí pé kò ní ìbọn, kò sì ní kámẹ́rà amí.

Orúkọ wà, báwo ni a ṣe ń kọ ọ́ sí ara ohun tí kò fẹ̀ ju ìrẹsì lọ? Àwọn wáyà ìgbà ogun àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní rọ́bà lára, òwú híhun sì wà lórí rọ́bà náà. Tàdáwà lè mú òwú, ṣùgbọ́n epo ẹ́ńjìnnì, ooru àti ogójì ọdún yóò sọ òwú di dúdú, orúkọ á sì bá a lọ. Nígbà tí wáyà aláwọ̀ ọ̀rá dé, ẹ̀rọ òǹtẹ̀ gbígbóná di àyànfẹ́ ilé iṣẹ́. Òǹtẹ̀ irin tí a ti mú gbóná yóò tẹ bébà aláwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara wáyà, lẹ́tà yóò sì dúró síbẹ̀. Ó yá, ó mọ́ ojú, ó sì ń pẹ́.

Àmọ́ ó ń jó. Bí òǹtẹ̀ bá gbóná jù tàbí tí ọwọ́ bá wúwo jù, lẹ́tà náà yóò jẹ wọ inú èèpo wáyà títí dé ibi bàbà, iná á sì rí ọ̀nà jáde gba inú orúkọ tí a kọ kí ohun gbogbo má baà bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dín ìnípọn èèpo wáyà kù kí bàálù lè fúyẹ́ ni ewu yìí ń pọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìtànṣán lésà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òǹtẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n máa ń po èròjà funfun kan, titanium dioxide, mọ́ èèpo wáyà. Ìtànṣán náà á yí àwọ̀ rẹ̀ padà di dúdú láìgbẹ́ èèpo náà rárá. Ìdí kan nìyí tí wáyà bàálù òde òní fi sábà máa ń funfun látòkè délẹ̀. Oníríwáyà ẹ̀bá ọ̀nà ní Èkó, tí pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé wáyà mọ́tò ti mọ́ lára, tí ó sì ní gílóòbù ìdánwò lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ bínú sí irú ìdì funfun bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí i pé ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, FAA, fi ń kọ́ àwọn mẹkáníìkì tilẹ̀ sọ iye àlàfo: àmì ní orí, àmì ní ìdí, àti ní àárín wọn láàárín íǹṣì 15 sí ara wọn. Wáyà tí kò tó íǹṣì 3 kò nílò orúkọ. Èyí tí ó wà láàárín 3 sí 7 yóò gba ẹyọ kan ní àárín. Wọn kò gba òrùka irin láàyè gẹ́gẹ́ bí àmì, nítorí irin tí ó bá tú lè lọ so wáyà méjì pọ̀.

Àwọn ìjàm̀bá ńlá ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí di òfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1996, Boeing 747 ti TWA, tí wọ́n ṣe ní 1971, bú gbàmù nítòsí Long Island, ènìyàn 230 sì kú. Àwọn olùwádìí sọ pé ó jọ pé wáyà kan tí ó fi ara kan òmíràn níta ni ó fi iná tí ó pọ̀ jù ránṣẹ́ sínú àgbá epo gba ọ̀nà wáyà tí ń ka epo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1998, bàálù Swissair 111 jó, ó sì já sínú òkun ní Nova Scotia, Kánádà, pẹ̀lú ènìyàn 229. Iná wáyà lókè yàrá awakọ̀ ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Ní 2007, FAA gbé òfin jáde tí ó ka gbogbo wáyà bàálù ńlá sí ètò kan pàtó tí ó ní orí tirẹ̀, ó sì pàṣẹ pé àmì wọn gbọ́dọ̀ ṣeé kà ní gbogbo ọjọ́ ayé bàálù náà. Òfin yẹn kò kan bàálù kékeré.

Ìjàm̀bá tí kò ṣẹlẹ̀ ni ó kọ́ni jùlọ, èyí sì wáyé ní Frankfurt ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2001. A320 ti Lufthansa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ibi àtúnṣe. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ojú ìsopọ̀ kan ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ń darí apá bàálù ti bàjẹ́, wọ́n sì tún wáyà rẹ̀ tò. Nígbà títò náà, orí wáyà méjì-méjì kọjá ara wọn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá awakọ̀ bá ti ọwọ́ ìdarí tirẹ̀ sí ọ̀tún, bàálù á yí sí òsì. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìdarí bí ìṣe wọn. Apá bàálù mì, kò sì sí ẹni tí ó kíyè sí i pé ìhà òdì ló ń mì sí. Ó gbéra tán, afẹ́fẹ́ tì í díẹ̀ sí òsì. Ọ̀gá awakọ̀ dá a padà sí ọ̀tún. Ó túbọ̀ ṣubú sí òsì. Ó fi kún un. Etí apá òsì sún mọ́ ilẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bí ìdajì mítà. Ọwọ́ ìdarí igbákejì rẹ̀ kò ní àléébù. Igbákejì náà tẹ bọ́tìnnì tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tún bàálù gbé dúró, wọ́n yípo, wọ́n sì balẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀.

Bàálù òde òní ni, tí ilé iṣẹ́ ńlá ń tọ́jú, tí wáyà rẹ̀ ní orúkọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fi hàn pé orúkọ tí ó wà lára wáyà àti orúkọ tí ó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ wà ní ìṣọ̀kan, kí ẹni tí ń tún un ṣe sì lóye àwòrán náà. Airbus, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe A320 náà, tún kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní 2006 láìsí ẹni tí ó fara pa. A380, tí wáyà inú rẹ̀ gùn tó 530 kìlómítà, pẹ́ gan-an kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà, nítorí àwọn tí ń ya àwòrán ní Hamburg àti àwọn tí ó wà ní Toulouse ń lo irú ètò kọ̀ǹpútà tí kò bára mu, ìdì wáyà tí wọ́n gbé dé Faransé kò sì bá ihò inú bàálù mu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí bàálù kékeré tí ènìyàn méjì lè tì wọ ṣọ́ọ̀bù. Cessna 120 àti 140 jáde ní Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas, ní 1946, wọ́n sì ju 7,000 lọ kí wọ́n tó dá ṣíṣe wọn dúró ní 1951. 120 ni ti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. 140 ní bátìrì, jẹnẹrétọ̀ àti sìtátà láti ilé iṣẹ́. Ìyẹn ni pé wáyà inú rẹ̀ ju ti Cub lọ dáadáa, kò sì tó ti bàálù ogun tí ìjọba ń fi òfin dè. Ibi tí ó ń dánni lágara nìyẹn. Kò pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ pé dandan ni kí a kọ orúkọ sí i, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè gbé sórí.

Láàárín ọgọ́rin ọdún, irú bàálù bẹ́ẹ̀ lè gba ọwọ́ olówó mẹ́wàá. Ọ̀kan fi rédíò sí i, èkejì yọ rédíò náà, ó sì gé wáyà rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀kẹta fi iná tí ń ṣẹ́jú sí ìdí rẹ̀, ó sì mú agbára rẹ̀ lára fíúsì ohun mìíràn. Rọ́bà àtijọ́ ti le, ó ń fọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì tí ó bá ṣí i yóò rí wáyà tí ó lọ sí ibi kan àti wáyà tí kò lọ sí ibi kankan, gbogbo wọn dúdú.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ kì í fi mú pílíásì kí wọ́n tó mú bírò. Téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan bí àsíá, wọ́n á kọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ, wọ́n á ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Bí wọ́n bá ń fa wáyà àtijọ́ jáde láti inú apá, wọ́n á so okùn mọ́ ìdí rẹ̀ kí okùn náà lè fa wáyà tuntun wọlé. Téèpù bébà kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ tí bàálù bá máa fò. Ooru á gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, á sì já bọ́ láàárín ọdún díẹ̀.

Èyí tí ó dúró ni ọ̀rá tí ń fún mọ́ra bí ooru bá kàn án. Raychem, ilé iṣẹ́ tí Paul Cook dá sílẹ̀ ní California ní 1957, ló sọ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ di ohun ọjà. Ìtànṣán ni wọ́n fi ń so ọ̀rá náà pọ̀ nínú, kí ó lè máa rántí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń ríwáyà lónìí lè fi ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tẹ orúkọ sórí bébà, kí ó fi ọ̀rá tí ń fi inú hàn bò ó, kí ó sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fún un mọ́ ara wáyà. Ó tún lè ra ọ̀rá tí ẹ̀rọ lè kọ nǹkan sí ní tààrà. Ohun tí ó burú ni láti fi bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a ti de orí wáyà mọ́ bóòtù: kò ní wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rántí èyí lẹ́yìn tí wọ́n ti fún bóòtù kejì pa.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tí ó yẹ kí a kọ. Àwọn kan fi dandan lé àtẹ ológun, L12B20 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a kọ ọ̀rọ̀ gidi, IRÚ INÁ BÁYÌÍ, kí ẹni tí kò ní àwòrán lọ́wọ́ lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi dùn fún ẹni tí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gba àyè, kò sì sọ ègé wo ni. Nínú bàálù tí wáyà rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, ìdáhùn tí ó bọ́gbọ́n mu jù ni nọ́ńbà kúkúrú lára wáyà àti àwòrán tí a tẹ̀, tí a sì fi sínú àpò ìwé bàálù, kí ó lè bá a lọ sọ́wọ́ ẹni tí yóò rà á.

Àwọn tí ń gbé bàálù àtijọ́ lọ síbi ìpàdé Oshkosh ní Wisconsin lọ́dọọdún, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń fi máàkì fún bí bàálù ṣe jọ ti ọjọ́ tí ó jáde nílé iṣẹ́ tó, tún ní ìṣòro mìíràn. Wáyà funfun pẹ̀lú lẹ́tà dúdú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù 1946 kò jọ 1946. Ọ̀nà àbáyọ ni láti yí ojú àmì sẹ́yìn, kí a sì fi okùn oní-ìda di ìdì náà bí wọ́n ṣe ń dì í nígbà náà, kí adájọ́ rí okùn, kí mẹkáníìkì tí ó bá fi ìka yí wáyà náà sì rí nọ́ńbà.